"Jitters" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìtumọ̀ rẹ̀ àti bí a ṣe ń lò ó

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ló mọ "fear" àti "nervous" bí ẹni mowó. Bí wọ́n bá wá pàdé "jitters", wọ́n á ní ẹ̀rù náà ni, wọ́n á sì kọjá lọ. Ẹ̀rù nìkan kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n tirẹ̀, ìwọ̀n yẹn ló sì ń dààmú ènìyàn ju ìtumọ̀ lọ: ó fúyẹ́, kì í pẹ́ lára, ohun tó ń bọ̀ ló sì sábà máa ń fà á. Àwọn ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí wà fún ẹni tó fẹ́ lò ó bí ẹni tó ni èdè ṣe ń lò ó.

Kí ni "jitters" túmọ̀ sí gan-an?

Àìbalẹ̀ ni, èyí tó ń mú ara àti ọkàn pọ̀ nígbà tí ohun kan tí ènìyàn mọ̀ pé ó ń bọ̀ bá ti sún mọ́lé. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró síta gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó ti kàwé, ó sì mọ̀ pé òun kà á. Síbẹ̀, ó ń tẹ ìdí bírò rẹ̀, ẹnu bírò ń jáde, ó ń wọlé, ó tún ń jáde. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì ń làágùn. Ó ti lọ sílé ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú 15. Bí ẹ bá bi í pé ṣé ẹ̀rù ń bà á, ó lè ní rárá, òótọ́ ló sì sọ. Ohun tó ń ṣe é yẹn ni "the jitters". Tó bá fi máa dáhùn ìbéèrè kejì tán, kò ní rántí mọ́ pé ọwọ́ òun gbọ̀n rí.

Nínú àpẹẹrẹ yẹn, ohun tó fà á kò ṣókùnkùn, ara ló ti hàn, ó sì lọ nígbà tí ohun tí à ń retí dé. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wọn ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó lò ó. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìdí tí ara fi ń gbọ̀n ni pé bí ọpọlọ bá ti rí i pé ohun ńlá ń bọ̀, ara á tú họ́mọ̀nù tí à ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú kí àyà máa lù kì-kì-kì, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí inú sì máa rú. Ara ń múra láti sáré tàbí láti jà, bẹ́ẹ̀ bírò àti ìwé ló wà níwájú ẹni náà.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ló bá a mu jù?

Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gbé gbogbo rẹ̀. "Ara mi ò balẹ̀" ló sún mọ́ ọn jù, torí pé ara ló ń sọ nípa rẹ̀, kò sì sọ pé ewu wà. "Àyà mi ń já" náà sún mọ́ ọn, àmọ́ ó le díẹ̀ jù ú lọ.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yẹ̀ jù ni "jìnnìjìnnì". Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra létí, gbígbọ̀n sì wà nínú méjèèjì, ìyẹn ló fi máa ń wu ènìyàn láti fi ọ̀kan túmọ̀ èkejì. Wọn ò bára tan rárá. Jìnnìjìnnì ni ohun tó ń bo ènìyàn nígbà tó bá rí ohun tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀, tàbí nígbà tó bá dúró níwájú agbára tó ju tirẹ̀ lọ. "Terror" tàbí "dread" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìyẹn. Bí ẹnì kan bá gbọ́ ìbọn lóru tó wá kọ ọ́ pé "the gunshots gave us the jitters", ẹni tó bá kà á á rò pé kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. "We were terrified" ló yẹ kó kọ.

"Hílàhílo" àti "àníyàn" lè bá ènìyàn gbé fún oṣù gbáko, nítorí náà "anxiety" tàbí "worry" ló bá wọn mu. "Ìpayà" ní ìkánjú nínú, "panic" nìyẹn. "Ó ń kọminú" sún mọ́ tòsí, àmọ́ inú ọkàn nìkan ni kíkọminú wà, kò sí ọwọ́ tó ń gbọ̀n níbẹ̀. "Apprehensive" ló dára fún un. "Àìfararọ" sì jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ènìyàn àti ènìyàn, tàbí láàárín ìlú méjì. "Tension" ni, kì í ṣe "jitters", torí pé inú ara ẹnì kan ni "jitters" ń gbé.

Báwo ni mo ṣe máa fi í sínú gbólóhùn?

Nígbà tó bá jẹ́ ìmọ̀lára là ń sọ, ọ̀rọ̀-orúkọ ọlọ́pọ̀ ni. "S" tó wà nídìí rẹ̀ kì í kúrò, "the" ló sì sábà máa ń ṣíwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ló máa ń gbé e jù: "have", "get" àti "give".

"I have the jitters" sọ pé ó wà lára mi báyìí. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, "I've got the jitters" ni ẹ ó máa gbọ́ jù. "I get the jitters before every flight" sọ pé bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfúrufú. "That long silence gave me the jitters" sọ ohun tó fà á: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pọ̀ débi pé ara mi ò balẹ̀ mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá ṣíwájú rẹ̀ láti sọ irú "jitters" tó jẹ́, "the" lè kúrò: "First-day jitters are normal." "Pre-wedding jitters", "opening-night jitters" àti "exam jitters" náà ń tẹ̀ lé òfin yìí. Ẹ kíyè sí àmì ìsopọ̀: ó wà láàárín "first" àti "day", kò sí láàárín "day" àti "jitters". Ẹ kíyè sí "are" pẹ̀lú. "First-day jitters is normal" jẹ́ àṣìṣe tó ń yọ́ wọ inú ìwé àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa pàápàá, torí pé ohun kan ṣoṣo ló jọ lójú wọn.

A kì í kà á. Kò sí "two jitters" tàbí "many a jitter". A lè sọ pé "I still have a few jitters" tàbí "some jitters", ìyẹn ni pé kò tíì tán lára mi. Bó bá pọ̀, "a bad case of the jitters" ni wọ́n ń sọ, bí ẹni pé àìsàn ló ń ṣe ènìyàn. Ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ wà nínú ìyẹn, nítorí náà ẹ má lò ó fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ní ti gidi.

Bó bá ń lọ, "The jitters wore off after the first song" ni, tàbí "She shook off the jitters." Ibí yìí ni "gbọ̀n" àti "gbọn" tiwa ti wúlò láti fi rántí. "Shake" kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ara tó ń gbọ̀n àti fún aṣọ tí a gbọn eruku rẹ̀ dànù. Yorùbá fi ohùn ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú "shook off the jitters", ẹni náà gbọn ohun tó ń mú un gbọ̀n dànù.

Wọ́n ní "Jitters is catching me" kò dára. Kí ló burú níbẹ̀?

Yorùbá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú èdè wa, ìmọ̀lára ló ń ṣe ènìyàn: ẹ̀rù ń bà mí, ojú ń tì mí, oorun ń kùn mí, inú ń bí mi. Ohun náà ni olùwà, èmi ni àbọ̀. Gẹ̀ẹ́sì gbé e gba ọ̀nà kejì. Ènìyàn ló máa ń jẹ́ olùwà, òun ló "have" tàbí tó "get" ohun náà. Nítorí náà, bí ẹ bá ti fẹ́ sọ pé ara yín ò balẹ̀, ẹ fi "I" bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí "the jitters" wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. "Jitters is holding me" àti "My chest is cutting", tí wọ́n fà yọ láti inú "àyà mi ń já", ò ní yé ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn tiẹ̀ lè mú kí wọ́n pe dókítà fún yín.

Ọ̀nà kan wà tí ohun tó wà níta fi lè di olùwà, òun ni "give": "The thought of it gives me the jitters." Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ìrònú náà ni olùwà níbẹ̀.

Ibi tí "the jitters" fúnra rẹ̀ ti ń ṣe nǹkan kò pọ̀. "The jitters set in around midnight" túmọ̀ sí pé nǹkan bí agogo 12 òru ló bẹ̀rẹ̀. "The jitters got the better of him" túmọ̀ sí pé ó borí rẹ̀, ohun tó fẹ́ ṣe sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbólóhùn yìí ló jọ ti Yorùbá jù nínú gbogbo wọn. Ẹ má kàn lò ó bí ẹni náà bá padà ṣe dáadáa.

Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ ni "I am jitters". Ọ̀rọ̀-orúkọ kò lè dúró níbẹ̀, ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni ibẹ̀ ń fẹ́: "I'm jittery." Ìkẹta ni "I have jitter", tí "the" àti "s" ti bọ́ lára rẹ̀; ẹni tó ń tún íntánẹ́ẹ̀tì ṣe á rò pé ìlà yín ni ẹ ń sọ. Ìdí rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀.

"Jittery" àti "jitter" ńkọ́?

"Jittery" máa ń tẹ̀ lé "be", "feel" àti "get", ó sì lè ṣíwájú ọ̀rọ̀-orúkọ: "I feel jittery", "a jittery passenger". Bí ẹ bá fẹ́ sọ ohun tó fà á, "about" ló ń tẹ̀ lé e: "She's jittery about the interview." "Jittery of" kò sí. Bí ẹ bá fẹ́ fi wéra, "more jittery" ló tù létí.

Ó gbòòrò díẹ̀ ju "the jitters" lọ. Ajá tó ń ta gìrì sí gbogbo ariwo jẹ́ "jittery", kò sì dìgbà tí ohun kan bá ń bọ̀. Fídíò tí àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n náà jẹ́ "jittery".

"Jitter" tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe wà fún ohun tí ojú rí pé ó ń gbọ̀n: "The needle jittered", abẹ́rẹ́ ìwọ̀n náà ń gbọ̀n síwá sẹ́yìn. "I am jittering about my exam" kò dùn. Ara tó ń mì ni ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ń sọ, kì í sọ ohun tó wà lọ́kàn.

Báwo ni mo ṣe máa yàn láàárín "jitters", "nervous", "anxious", "tense" àti "on edge"?

"Nervous" ló gbòòrò jù, òun ni kò sì léwu. Bí ẹ ò bá dá yín lójú, ẹ lo "nervous". Ó bá ìwé iṣẹ́ mu, ó bá ọ̀rọ̀ ẹnu mu, ó bá ẹ̀rù kékeré àti èyí tó tó gbangba mu.

"Anxious" wúwo jù ú lọ. Inú èdè Látìn ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí á fún nǹkan lọ́rùn, ìfúnpọ̀ yẹn sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ó lè pẹ́, ó sì lè má ní ìdí kan pàtó. Àmọ́ ó ní ojú kejì: "I'm anxious to meet you" túmọ̀ sí pé ara mi ti wà lọ́nà láti rí yín. Ẹ má ka ìyẹn sí ẹ̀rù.

"Tense" wá láti ara fífà. Ẹ ro okùn tí a fà le. Ẹni tó "tense" kì í gbọ̀n, ṣe ló le: èjìká rẹ̀ gòkè, eyín rẹ̀ dì mọ́ra. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí "jittery" nìyẹn, torí pé ẹni tó "jittery" kì í lè dúró sójú kan. Ènìyàn kan lè kọ́kọ́ "jittery" ní òwúrọ̀ kó tó di "tense" nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀.

"On edge" ní ìbínú nínú. Ẹni tó bá wà "on edge" á jágbe mọ́ yín tí ẹ bá béèrè omi. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ọkọ yín ò fara rọ láti àárọ̀, tó sì ń kanra, "on edge" ni, kì í ṣe "He has the jitters". "Edgy" náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó tún ti di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yin iṣẹ́ ọnà tó gbójú, nítorí náà ẹ wo ibi tó wà kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀.

Ṣé "cold feet", "butterflies" àti "the creeps" kò jọ ọ́?

Wọ́n jọ ọ́, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ní "butterflies in the stomach" ń sọ ti inú ikùn rẹ̀ nìkan, ayọ̀ sì lè wà níbẹ̀. "The creeps" àti "the willies" wà fún ohun tó ń dẹ́rù bani tó sì ń ríni lára, bí ilé àlàpà lóru tàbí ẹni tí ìwòkuwò rẹ̀ ò tẹ́ni lọ́rùn. Kò dìgbà tí nǹkan bá ń bọ̀. "Heebie-jeebies" náà wà lágbo yẹn. Billy DeBeck, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde nínú àwòrán rẹ̀ ní ọdún 1923.

"Cold feet" ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹni tó ní "pre-wedding jitters" máa ṣègbéyàwó, ara rẹ̀ ni ò balẹ̀. Ẹni tó ní "cold feet" ti ń rò ó pé bóyá kí òun má ṣe é mọ́. Bí ẹ bá kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ pé ìyàwó ń ní "cold feet", ẹ ti sọ pé ìgbéyàwó náà lè fọ́. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn jẹ́.

Mo gbọ́ "exam nerves". Ṣé òun náà ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú "exam jitters", àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ kàn má jẹ́ kí "nerves" ṣì yín lọ́nà níbòmíràn. "He gets on my nerves" túmọ̀ sí pé ó ń bí mi nínú. "What a nerve!" túmọ̀ sí pé irú ìwọ̀sí wo nìyí!

Níbo ni kò ti yẹ kí n lò ó?

Ẹ má lò ó fún ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀, ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún, tàbí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ fífúyẹ́ bo ìrora ẹlòmíràn, ó máa dùn ún, ó sì lè má sọ fún yín. Ẹni tó ní in lè fi sọ nípa ara rẹ̀ tó bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ló kọ́kọ́ mú un wá.

Nínú lẹ́tà iṣẹ́, "I am a little nervous about the presentation" bójú mu. "I have the jitters" jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tí ẹ jọ mọ ara yín.

Níwájú dókítà, ẹ pa á tì pátápátá. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n, tí ẹ ò sùn dáadáa, tí ọkàn yín ò balẹ̀ láìsí ohun kan tó ń bọ̀, ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín ní pàtó, ẹ sì sọ iye ọjọ́: "My hands have been shaking for three weeks. I feel anxious most days." Nínú ìlànà tí àwọn dókítà ọpọlọ fi ń dá àìsàn àníyàn tó ń jẹ́ generalized anxiety disorder mọ̀, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń wò ni pé àníyàn tó ṣòro láti kápá ti wà fún oṣù 6 ó kéré tán, ní ọjọ́ tó pọ̀ ju èyí tí kò sí lọ. Ẹni tó bá pe irú ìyẹn ní "jitters" ti mú kí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kéré létí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Bákan náà, "the shakes" ni wọ́n ń pe gbígbọ̀n tí ibà tàbí ọtí tí ẹni tó ti mọ́ lára jáwọ́ nínú rẹ̀ lójijì máa ń fà. Ìyẹn yàtọ̀, ó sì lè léwu.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pè é?

Sílébù méjì ni, ti àkọ́kọ́ ni agbára wà. Etí Yorùbá máa ń gbọ́ ọ bí "jítàs", ohùn òkè lẹ́yìn náà ohùn ìsàlẹ̀, ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ sì nìyẹn. Ohun méjì ló kù kí ẹ tún ṣe.

Àkọ́kọ́ ni fáwẹ̀lì inú sílébù àkọ́kọ́. Kì í ṣe "i" Yorùbá gan-an, kò sì dé "e": ẹ jẹ́ kó kúrú, kí ètè má fà sẹ́yìn púpọ̀. Bí ẹ bá fà á gùn, tí "j" náà sì le jù, ó lè dún bí "cheaters", àwọn arẹ́nijẹ, ọ̀rọ̀ yín á sì yí padà pátápátá. "Bitter", "litter" àti "glitter" bá a dọ́gba ní ìró. Ẹni tó bá pe "bitter" dáadáa ti mú un.

Èkejì ni ìparí rẹ̀. "S" ni wọ́n kọ, "z" ni wọ́n ń pè, Yorùbá ò sì ní ìró yẹn. Ẹ fi ìka méjì kan ọ̀fun, ẹ pe "s" kó gùn: ọ̀fun ò ní mì. Ẹ wá fi ohùn sí i láìgbé ahọ́n kúrò níbi tó wà. Bí ìka yín bá ti gbọ́ ọ pé ọ̀fun ń mì, "z" nìyẹn.

Lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà, "t" àárín máa ń rọ̀ débi pé ó jọ "d", wọ́n sì máa ń pe "r". Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà pe "r" yẹn. Kò sí èyí tó ṣàṣìṣe nínú méjèèjì.

Ibo ló ti wá?

Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1920. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé ara "chitter" ló ti jáde, ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó túmọ̀ sí kí ènìyàn máa gbọ̀n nínú òtútù. Kò pẹ́ tí "jittery" fi tẹ̀ lé e. Ní 1934, Cab Calloway, olórin jazz, lo "jitterbug" nínú orin rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di orúkọ ijó tí ẹsẹ̀ ò ti ń dúró. Nítorí náà, bí ẹ bá rí "jitterbug" nínú ìwé, ijó ni ẹ kọ́kọ́ rò, kì í ṣe kòkòrò.

Kí ni "market jitters" tí ìwé ìròyìn máa ń kọ?

Ọkàn àwọn tó ní owó nínú ọjà ìpín ìdókòwò ò balẹ̀, wọ́n sì ń tà díẹ̀díẹ̀. "Over" ni àwọn akọ̀ròyìn máa ń fi sọ ìdí rẹ̀: "jitters over interest rates". Bí ọjà bá ti wó lulẹ̀ gan-an, kì í ṣe "jitters" mọ́, "panic" ni wọ́n máa ń kọ.

"Coffee jitters" ńkọ́? Kò sí ohun tó ń bọ̀ níbẹ̀.

Òótọ́ ni, òun ni àyàfi tó wọ́pọ̀ jù. Gbígbọ̀n ọwọ́ àti àyà tó ń sáré lẹ́yìn kọfí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á ni pé kaféènì inú kọfí dí ọ̀nà mọ́ adenosine, èròjà inú ọpọlọ tó ń sọ fún ara pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ife kọfí kan tó tó mílílítà 240 sábà máa ń ní kaféènì tó tó nǹkan bíi mílígíráàmù 80 sí 100. Àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà àti èyí tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù fi mílígíráàmù 400 lóòjọ́ ṣe ìwọ̀n tí kò sábà léwu fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá. Ti aláboyún kéré sí i. Ìdajì kaféènì tí ènìyàn mu ṣì lè wà lára rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5. Ẹni tí kọfí ọ̀sán ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n lálẹ́ lè sọ pé "I'm jittery from too much coffee." Ẹ kíyè sí "from" níbẹ̀ dípò "about".

Ẹni tó ń tún íntánẹ́ẹ̀tì mi ṣe ní "jitter" mi pọ̀. Kí ló ní lọ́kàn?

Òun kò sọ nípa ọkàn yín. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń gé ohùn yín sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní ọ̀kan ń jáde ní gbogbo mílíìsẹ́kọ́ndì 20. Bí wọ́n bá ń dé ní 20, 21, 20, ohùn á já gaara. Bí wọ́n bá ń dé ní 20, 48, 5, 31, ohùn á máa gé, á máa fò. Àìdọ́gba yẹn ni "jitter". Kì í ṣe pípẹ́ ló jẹ́: bí gbogbo wọn bá pẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, ohùn á pẹ́ kó tó dé, àmọ́ kò ní máa gé. Fún ìpè ohùn, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó wà lábẹ́ mílíìsẹ́kọ́ndì 30. Ohun tó ń dà á rú jù ni Wi-Fi tó jìnnà tàbí ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wo fídíò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ rọ́tà, kí ẹ sì tún un wọ̀n.

Ní ti gírámà, eléyìí ò ní "the" ọ̀ranyàn, kò sì ní "s": "Jitter is high tonight." Ìdí nìyẹn tí "I have jitter" fi ń ṣi ènìyàn lọ́nà.

Báwo ni kí n ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá láì jẹ́ kó gan?

Ẹ má wá ọ̀rọ̀-orúkọ tí ẹ ó fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá kọ "ìgbọ̀nrìrì ìṣáájú ìgbéyàwó" ti gbìyànjú, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di gbólóhùn, kí ara jẹ́ olùwà. "Pre-wedding jitters are common" á di "Bí ìgbéyàwó bá ku ọ̀la, ara kì í sábà balẹ̀." "He shook off his early jitters and won" á di "Ara rẹ̀ ò kọ́kọ́ balẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá ó ta jí, ó sì borí." "You're giving me the jitters" á di "Má jẹ́ kí àyà mi já, jọ̀ọ́", tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ẹni là ń bá wí. Tó bá jẹ́ àgbà, "ẹ má jẹ́ kí àyà mi já" ni. Gẹ̀ẹ́sì ò fi ìyàtọ̀ yẹn hàn, nítorí náà ẹ wo ẹni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ ọ́.

Báwo ni sípẹ́lì rẹ̀?

"T" méjì, "e" kan, kò sí lẹ́tà ńlá àyàfi níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. "Jiters" àti "jitters'" jẹ́ àṣìṣe. Àmì tó wà nínú "jitter's" kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò.